Bí a ṣe ń fi oúnjẹ kún koríko fún màlúù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí títí lọ dé Kíṣí, koríko kì í tán lẹ́ẹ̀kan náà. Eruwà á ṣì dúró gbọnran nínú pápá, á ga ju orí ènìyàn lọ. Màlúù á máa jẹ ẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ kí oṣù kejì ọdún tó parí, egungun ìhà rẹ̀ á ti ṣeé kà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní màlúù á sọ pé koríko ni kò tó. Bí koríko bá wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ tí ẹran ṣì ń rù, purotéènì ló tán lára koríko yẹn.

Koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lásìkò òjò lè ní purotéènì 10 sí 12 nínú 100. Bó bá ti so, tó gbó, tó sì gbẹ, ohun tó kù lára rẹ̀ kì í sábà ju 2 sí 4 lọ. Inú ṣàkì màlúù kún fún àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú kò lè rí, àwọn ló ń bá màlúù fọ́ koríko sí wẹ́wẹ́. Bí purotéènì inú oúnjẹ bá ti wálẹ̀ ju 7 nínú 100 lọ, àwọn ohun ẹlẹ́mìí yìí kò ní lè pọ̀ sí i mọ́. Koríko á wá pẹ́ nínú ṣàkì, ikùn á kún, màlúù á dákẹ́ jíjẹ. Ẹran tó ń jẹ kìlò 6 nígbà òjò, bí a bá yọ omi kúrò nínú ìwọ̀n koríko náà, lè má jẹ ju kìlò 4 lọ nígbà ọyẹ́, torí èyí tó jẹ lánàá kò tíì kúrò níkùn.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́kàn yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ra oúnjẹ màlúù nìyí: ṣàkì lẹ kọ́kọ́ ń bọ́. Ẹ fún un ní purotéènì díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sọ koríko gbígbẹ yẹn di ẹran ara. Bó bá jẹ́ èèpo ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo nìkan lẹ kó sílẹ̀ fún un, tí kò sí purotéènì níbẹ̀, ẹran á fi koríko sílẹ̀, á máa dúró de ọpọ́n, á sì tún máa rù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, òun ló sì ń jẹ owó jù.

Kí ẹ tó ra àpò kan

Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, nígbà tí ẹran ṣì sanra. Ẹ pe gbogbo agbo jọ, kí ẹ wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abo tó ti darúgbó, èyí tí kò lóyún láti ọdún méjì, akọ tó ti tó tà, èyí tí eyín rẹ̀ ti jẹ tán: ẹ tà wọ́n nígbà tí ìwọ̀n wọn ṣì dára. Màlúù tí ẹ bá fi owó bọ́ láti oṣù kejìlá di oṣù kẹrin kí ẹ tó wá tà á lè má dá owó oúnjẹ rẹ̀ padà. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí, títa èyí tó yẹ ní títà ní àkókò tó yẹ ló ń dín ìnáwó kù jù lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pe dókítà ẹran kó fún wọn ní oògùn aràn, kí ẹ sì yọ eégbọn kúrò lára wọn. Oúnjẹ tí ẹ bá kó fún ẹran tí aràn kún inú rẹ̀, aràn lẹ ń bọ́. Àwọn tó ń jẹko ní àbàtà àti etí odò nílò oògùn tó ń pa kòkòrò ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú, torí oògùn aràn lásán kì í sábà kàn án.

Ó kan wíwọn wọn. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n ńlá lè fi tépù ṣe é. Ẹ wọn àyíká àyà ẹran lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti gongo èjìká dé egungun tó yọ nídìí, méjèèjì ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi àyíká àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi gígùn sọ ohun tó jáde di púpọ̀, kí ẹ wá fi 10,840 pín in. Ẹran tí àyíká àyà rẹ̀ jẹ́ 150, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 130, á wọn nǹkan bíi kìlò 270. Tépù àwọn télọ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà 150 lọ. Fún ẹran ńlá, ẹ fi okùn yí i ká, kí ẹ wá tẹ́ okùn náà sílẹ̀ láti wọ̀n ọ́n. Òórọ̀, kí wọ́n tó jẹun tàbí mu omi, ni kí ẹ máa wọ̀n wọ́n, kí iye tòní lè ṣeé fi wé toṣù tó ń bọ̀.

Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ yẹ kó jẹ nínú oúnjẹ àfikún ni abo tí oyún rẹ̀ ti lé ní oṣù mẹ́fà àti èyí tó ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni ọmọ màlúù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú àti ẹgbọ̀rọ̀ abo. Akọ ńlá tí kò sí lọ́jà ọdún yìí lè fi koríko àti iyọ̀ lílá la ẹ̀ẹ̀rùn já. Bí ẹ bá kó gbogbo wọn sídìí ọpọ́n kan náà, akọ oníwo gígùn ló máa jẹ ìpín aboyún.

Ìṣirò ohun tó kù

Ká mú màlúù kìlò 250, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbọ̀rọ̀ irú màlúù tí wọ́n ń pè ní White Fulani ń wọ̀n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa jẹ nǹkan bíi kìlò 4.5 koríko gbígbẹ lóòjọ́. Bí koríko yẹn bá ní purotéènì 4 nínú 100, gíráàmù 180 ló ti rí. Kó má bàa rù, ó nílò bíi gíráàmù 440. Gíráàmù 260 ló kù tí ẹ ní láti fi kún un.

Níbo ni 260 yẹn ti máa wá? Ohun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún àdín kúrò lára ẹkùrọ́, tí gbogbo ọjà ń pè ní PKC, ní purotéènì bíi 17 nínú 100. Kìlò kan àtààbọ̀ á fún yín ní nǹkan bíi 255. Èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún òróró ẹ̀pà ní bíi 45 nínú 100. Gíráàmù 600 á fún yín ní 270. Ewé agúnmáníyẹ̀ tútù, kìlò 5, á fún yín ní bákan náà láìná owó ọjà, bí ẹ bá ti gbin ín sí ọgbà yín.

Ẹ má fi owó àpò pinnu ohun tí ẹ máa rà. Ẹ pín owó kìlò kan pẹ̀lú purotéènì tó wà nínú rẹ̀. Ká sọ fún àpẹẹrẹ lásán pé PKC jẹ́ náírà 200 ní kìlò kan, ti ẹ̀pà sì jẹ́ 500. Kìlò purotéènì kan láti ara PKC jẹ́ 200 tí a pín pẹ̀lú 0.17, ìyẹn nǹkan bíi náírà 1,176. Ti ẹ̀pà jẹ́ 500 tí a pín pẹ̀lú 0.45, ìyẹn 1,111. Èyí tó dà bíi pé ó wọ́n ló dínwó, owó ọkọ̀ tó máa gbé e á sì kéré, torí àpò rẹ̀ kò ní pọ̀. Iye ọjà ń yí padà, nítorí náà ẹ máa tún ìṣirò yìí ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ rà.

Ìṣirò ibi ìpamọ́ kò le. Ẹran 20, ọjọ́ 120, kìlò 1.5 PKC lóòjọ́: kìlò 3,600 nìyẹn, àpò onìkìlò 50 méjìléláàádọ́rin. Bí owó yín kò bá ká àpò 72, ẹ padà sí orí ọ̀rọ̀ títà tí a sọ lókè, kí ẹ dín ẹran kù. Ẹran méjìlá tó jẹun tó sàn ju ogún tí gbogbo wọn ń rù.

Àwọn oúnjẹ tó wà ní àrọ́wọ́tó

PKC kò dùn lẹ́nu màlúù ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ń dà bí iyanrìn. Ẹ pò ó mọ́ èèrí àgbàdo àti iyọ̀ díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ọwọ́ fún un wò lọ́jà: èyí tí òróró ṣì pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń tètè kan, á sì máa rùn, ẹran á sì kọ̀ ọ́. Ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó fún wọn, torí òkúta àti èépá ẹkùrọ́ máa ń wà níbẹ̀. Ìṣó tàbí wáyà kékeré tí màlúù bá gbé mì lè gún inú rẹ̀ já dé ọkàn. Ẹ so òkúta mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹnu asẹ́ bí ẹ bá ní.

Èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ ní Ìbàràpá àti ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe gàrí, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló sì ń dà á nù. Okun ló wà nínú rẹ̀. Purotéènì rẹ̀ kì í ju bíi 5 nínú 100 lọ. Nítorí náà, PKC, ewé agúnmáníyẹ̀ tàbí yúríà gbọ́dọ̀ bá a rìn. Májèlé tó wà lára ẹ̀gẹ́ wà lára èèpo jù, pàápàá ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ẹran tó bá jẹ èèpo tútù lọ́pọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sì kú kí dókítà tó dé. Ẹ sá èèpo tínínrín lórí sìmẹ́ǹtì tàbí tapólì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú oòrùn, kí ẹ máa yí i padà. Ó gbẹ nígbà tó bá ń ṣẹ́ pààkì lọ́wọ́. Èyí tó bá dúdú tàbí tó hu ewú, ẹ dà á nù. Ẹ má pò ó mọ́ èyí tó dára torí pé ẹ kò fẹ́ pàdánù, nítorí oró ewú náà kì í jáde nínú sísá.

Ọ̀nà tó yá ju sísá lásán wà. Àwọn onímọ̀ ILRI (àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí ẹran ọ̀sìn) àti IITA (àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru) ní Ìbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo tútù bíi ti gàrí, tí a fi ẹ̀rọ tẹ omi rẹ̀ jáde, tí a sẹ́ ẹ kí a tó sá a, ó máa ń gbẹ láàárín ọjọ́ kan tí oòrùn bá mú, májèlé rẹ̀ á sì dín kù gan-an. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ gàrí nítòsí kò nílò irinṣẹ́ tuntun fún un.

Èèrí tó ń jáde ní ilé iṣẹ́ ọtí bíà ní purotéènì tó pọ̀ ju ti PKC lọ, ó máa ń lé ní 20 nínú 100 bó bá gbẹ. Ṣùgbọ́n omi ló kún inú rẹ̀, kò sì lè pẹ́ ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́ nínú ooru. Bí ibi tí ẹ wà bá jìnnà sí ilé iṣẹ́ náà, omi lẹ ń san owó ọkọ̀ fún. Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ dára púpọ̀. Ẹ kó wọn wọlé kí òjò ìparí má bàa pa wọ́n, ẹ tọ́jú wọn sórí àjà níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Èèpo ọjà, bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti iṣu, ẹ gbà á bó bá mọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣa ọ̀rá náílọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tán pátápátá. Ọ̀rá kì í dà nínú ṣàkì, ó ń dí ọ̀nà ìfun títí ẹran á fi kú. Ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀: òkú adìyẹ inú rẹ̀ lè fa àrùn tó ń dá ẹran lẹ́sẹ̀ dúró, oògùn tí wọ́n fún adìyẹ náà lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Agúnmáníyẹ̀ yẹ kó wà ní gbogbo ọgbà màlúù. Ẹ gé igi rẹ̀ ní mítà kan sí kan àtààbọ̀, ẹ gbìn ín bí òjò bá ti múlẹ̀, kí ẹ sì fi ṣe ọgbà. Lẹ́yìn ọdún kan ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ré e ní oṣù méjì sí mẹ́ta síra. Ẹ jẹ́ kí ewé rẹ̀ rọ fún ọjọ́ kan kí ẹ tó kó o fún wọn, torí òórùn ewé tútù rẹ̀ kì í bá màlúù lára mu. Àwọn tó ní lusínà (leucaena), igi mìíràn tí màlúù ń jẹ ewé rẹ̀, ní oko gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ewé náà kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ lọ. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀, irun ẹran á máa re, ọfun rẹ̀ á sì wú. Ewé àpá náà wúlò, àwọn darandaran mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀ka rẹ̀ kanlẹ̀ lọ́dọọdún ń pa igi náà. Ẹ gé ẹ̀ka díẹ̀, kí ẹ fi orí rẹ̀ sílẹ̀.

Yúríà: bí a ṣe ń lò ó láìpa ẹran

Yúríà tí àwọn àgbẹ̀ ń fi ṣe ajílẹ̀, èyí tí wọ́n kọ 46 sí lára àpò rẹ̀, ń fún ohun ẹlẹ́mìí inú ṣàkì ní náítírójìn tí wọ́n fi ń ṣe purotéènì. NPK, tóun náà jẹ́ ajílẹ̀, kò ṣeé fi rọ́pò rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dé ọpọ́n màlúù. Ohun tó mú yúríà yàtọ̀ sí PKC ni pé iye tó ń ṣe ẹran lóore àti iye tó ń pa á kò jìnnà síra. Ẹ ní òṣùwọ̀n kékeré tó péye. Ẹ má fi ọwọ́ bù ú.

Òfin rẹ̀ nìyí. Kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 30 lọ fún kìlò 100 ìwọ̀n ara lóòjọ́, ìyẹn 75 fún ẹran kìlò 250. Àwa fara mọ́ kí ẹ dúró sí ìdajì rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 10, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí ẹ bá dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, torí ara wọn ti gbàgbé rẹ̀. Ọmọ màlúù tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ẹṣin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ẹran tí ebi ń pa gidi tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn jìnnà dé, ẹ jẹ́ kó jẹ koríko yó ná. Omi gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Òjò àìròtẹ́lẹ̀ ló ń pa màlúù jù. Òjò á kún ọpọ́n, yúríà á yọ́ sínú omi náà, màlúù á fà á mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọpọ́n yúríà gbọ́dọ̀ ní òrùlé, kí ihò sì wà nídìí rẹ̀ kí omi lè jò jáde. Èyí tó bá rọ̀ tàbí tó dì pọ̀, ẹ wà á dà sí oko àgbàdo.

Bí yúríà bá mú ẹran, ẹ máa rí i láàárín ìṣẹ́jú 20 sí wákàtí kan: ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ìfòfó á yọ lẹ́nu, ikùn á wú sí apá òsì, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á sì máa mí pẹ̀lú ìnira. Ẹ da fínígà bíi lítà 2 sí 4 sí i lẹ́nu, pẹ̀lú omi tútù tó pọ̀, díẹ̀díẹ̀ kó má bàa wọ ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Fínígà gbọ́dọ̀ wà nílé kí yúríà tó wọlé.

Iyọ̀ lílá tí ẹ lè ṣe nílé ń mú kí ẹran fúnra rẹ̀ máa dín iye tó ń jẹ kù, torí iyọ̀ máa ń tètè sú u. Fún kìlò 100, ẹ lo iyọ̀ kìlò 30, PKC lílọ̀ 26, egungun tí a sun tó sì kúná 18, èèrí wheat 15.5, yúríà 10, àti imí-ọjọ́ ìdajì kìlò. Imí-ọjọ́ yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n láìsí i, ohun ẹlẹ́mìí inú ṣàkì kò lè lo yúríà dáadáa. Ẹ fọ́ gbogbo kókó yúríà sí lẹ́búlẹ́bú, ẹ pò ó mọ́ iyọ̀ ná, kí ẹ tó wá fi wọ́n sínú ìyókù, kí ẹ fi ṣọ́bìrì yí i padà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ó kéré tán. Kókó kan tí kò fọ́ lè jẹ́ ìpín ẹran kan ṣoṣo. Ohun tí à ń fẹ́ ni kí ẹran ńlá kan lá gíráàmù 200 sí 300 lóòjọ́. Ẹ wọn ohun tó kù nínú ọpọ́n lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: bí wọ́n bá ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi iyọ̀ kún un, bí wọn kò bá fẹ́ ẹ, ẹ fi PKC tàbí èèrí kún un. Egungun gbọ́dọ̀ jóná di funfun kí ẹ tó lọ̀ ọ́, torí egungun tí kò jóná lè gbé àrùn.

Bí ẹ bá ní pòròpóró àgbàdo tàbí ti ọkà bàbà púpọ̀, yúríà lè sọ ọ́ di oúnjẹ gidi. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka kan. Fún kìlò 100, ẹ pò yúríà kìlò 4 mọ́ omi lítà 50, ẹ wọ́n ọn sórí rẹ̀ ní ìpele ìpele nínú kòtò tí ẹ ti tẹ́ ọ̀rá sí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn jáde, ẹ fi ọ̀rá bò ó pa, kí ẹ sì gbé ẹrù wúwo lé e. Lẹ́yìn ọjọ́ 21 ẹ ṣí i. Òórùn rẹ̀ á ta sí imú gidi, àwọ̀ rẹ̀ á sì pọ́n. Ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn fún ọjọ́ kan kí ẹ tó bù ú fún wọn. Bí kò bá ní òórùn tó ń ta, ibì kan ti jò nínú ọ̀rá, èyí tí ewú bá sì hù lára rẹ̀ kò ṣeé fún ẹran.

Fífún wọn lóòjọ́

Ọpọ́n lè jẹ́ dúrọ́ọ̀mù tí a là sí méjì tàbí táyà tí a yí inú rẹ̀ síta. Ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 60 sílẹ̀ fún ẹran kan, 75 fún àwọn oníwo gígùn. Bí àyè kò bá tó, ohun tí ẹ ti fara balẹ̀ ṣírò fún gbogbo wọn á di oúnjẹ alágbára mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jẹko láàárọ̀. Ìgbà tí oòrùn bá ti mú, tí wọ́n padà sábẹ́ igi láti jẹ àpọ̀jẹ, ni kí ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fún wọn ní kùtùkùtù, wọ́n á máa dúró ti ọpọ́n nígbà tó yẹ kí wọ́n wà ní pápá. PKC tàbí ti ẹ̀pà ṣeé fún wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ dípò ojoojúmọ́: gíráàmù 600 ti ẹ̀pà lóòjọ́ á di kìlò 1.4 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ara wọn á sì gbà á. Ohun tí yúríà, àgbàdo tàbí èèpo ẹ̀gẹ́ púpọ̀ bá wà nínú rẹ̀ kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni, ní ìwọ̀n kan náà.

Fún àwọn tí ẹ ń mú sanra fún ọjà, bóyá fún Iléyá tàbí fún òpin ọdún, ẹ pò kìlò 100 báyìí: PKC 45, ti ẹ̀pà 10, èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ 30, èèrí wheat 12, egungun sísun 2, iyọ̀ 1. Ó ní purotéènì tó lé díẹ̀ ní 15 nínú 100. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì kìlò, kí ẹ máa fi ìdajì kún un ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí ẹ ó fi dé kìlò kan fún kìlò 100 ìwọ̀n ara. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo kìlò tí ẹ bá fi kún un, koríko ni màlúù máa dín kù láti fi gbà á, owó yín á sì máa rọ́pò ohun tí pápá ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹran bá já wọ ibi ìpamọ́ tó jẹ àgbàdo tàbí gàrí yó, inú ṣàkì á kan: kò ní jẹun, ìgbẹ́ rẹ̀ á dà bí ẹ̀kọ tó ti kan, á dùbúlẹ̀. Ẹ tètè pe dókítà. Ẹ fún un ní koríko gbígbẹ nìkan ní ọjọ́ yẹn.

Omi ni oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Màlúù ńlá nílò lítà 30 sí 50 lóòjọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ń lá iyọ̀. Ẹran tó ń rin kìlómítà mẹ́jọ lọ síbi omi tó sì tún rìn ín padà ti sun ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ fún un jẹ lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí ẹ ń ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ wo ìgbẹ́ wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó le, tó ga sókè bí òrùka lórí òrùka, purotéènì ṣì kù díẹ̀. Èyí tó tẹ́, tó rọ̀ díẹ̀, tí àárín rẹ̀ jìn, ó dára. Èyí tó ń ṣàn, okun ti pọ̀ jù tàbí aràn wà níbẹ̀. Ẹ tún wọ̀n wọ́n lóṣooṣù. Aboyún tí kò rù ti tó yín. Èyí tí ẹ ń mú sanra yẹ kó máa fi ìdajì kìlò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún ara rẹ̀ lóòjọ́. Ẹran tó ń jẹ egungun, òkúta tàbí aṣọ ń wá fọsifọ́rọ́ọ̀sì. Ẹ fi egungun sísun kún iyọ̀ lílá rẹ̀, kí ẹ sì kó egungun òkú ẹran kúrò ní pápá, torí àrùn tó ń wá láti ara rẹ̀ ń dá ẹsẹ̀ dúró títí dé ikú.

Nígbà òjò, purotéènì kò tún jẹ́ ìṣòro mọ́. Iyọ̀ àti egungun sísun, ìdajì ìdajì, lábẹ́ òrùlé, láìsí yúríà, ló tó fún ọ̀pọ̀ agbo.

Òjò àkọ́kọ́ oṣù kẹta tàbí ìkẹrin kì í ṣe àmì láti dá oúnjẹ dúró. Ewé tuntun á yọ, màlúù á fi koríko gbígbẹ sílẹ̀, á máa sáré kiri nítorí ewé tí kò tíì ga ju èékánná lọ. Omi ló kún inú ewé náà, ìgbẹ́ á máa ṣàn, ẹran á sì rù ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn ju bó ṣe rù ní gbogbo oṣù kejì lọ. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn aláìlágbára ń ṣubú. Yúríà ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò, torí òjò. PKC àti pòròpóró, ẹ máa fún wọn lọ títí koríko á fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ẹ wá dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.